Ohun tó ń sọ kòkó di dúdú kì í ṣe fọ́ńgì

Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, ohun tí àgbẹ̀ oníkòkó ní Oǹdó, Ọ̀ṣun tàbí Cross River máa ń kọ́kọ́ rí ni àmì kékeré kan tó pọ́n rúsúrúsú lára èso. Ojoojúmọ́ ni àmì náà ń fẹ̀. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì, èso náà lè ti dúdú kanlẹ̀, kí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ti bò ó lára, kí hóró inú rẹ̀ má sì wúlò mọ́. Phytophthora megakarya ló burú jù nínú àwọn tó ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ń ta oògùn lọ́jà, ẹni tó kọ ìwé ìpolówó rẹ̀, àti ọ̀pọ̀ olùkọ́, fọ́ńgì ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe fọ́ńgì. Protist ni, ìyẹn ẹ̀dá tó ní nucleus (àpò tí DNA wà nínú sẹ́ẹ̀lì) tí kì í ṣe ewéko, ẹranko tàbí fọ́ńgì, ó sì bá ewé òkun aláwọ̀ ilẹ̀ tan ju bó ṣe bá olú tan lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sínú ìwé nìkan. Fọ́ńgì gidi ń fi chitin kọ́ ògiri sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó sì ń fi ọ̀rá kan tó ń jẹ́ ergosterol ṣe awọ tó wà lábẹ́ ògiri yẹn. Cellulose ni ògiri ti Phytophthora, bíi ti ewéko, kò sì lè ṣe sterol, irú ọ̀rá bíi ergosterol, fúnra rẹ̀. Ara igi tó bá wọ̀ ló ti ń rí i lò. Àwọn oògùn tí orúkọ wọn ń parí sí “-azole”, tó jẹ́ pé dídí ṣíṣe ergosterol lọ́wọ́ ni iṣẹ́ wọn, kò rí nǹkan gidi gbá mú lára rẹ̀. Owó á lọ, èso á sì máa dúdú. Èyí tó ń ká a lápá kò ni metalaxyl, tó ń dá ṣíṣe RNA dúró nínú irú ẹ̀dá yìí, àti kọ́pà, tí kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ẹ tún wá fín metalaxyl yẹn kan náà sí fọ́ńgì gidi, kò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Omi ni agbára rẹ̀. Bí omi bá dúró lára èso, àwọn àpò kéékèèké inú ìyẹ̀fun funfun yẹn máa ń tú ọmọ tó ní ìrù méjì jáde, wọ́n á sì lúwẹ̀ẹ́ títí wọn yóò fi rí ibi wọlé. P. megakarya tún ń gbé inú ilẹ̀. Òjò tó bá ta yẹ̀pẹ̀ sókè ló ń gbé e dé ara èso ìsàlẹ̀, èèrà tó ń fi yẹ̀pẹ̀ kọ́ ilé sára igi á sì bá a gbé e gòkè. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ ìfínoògùn kọ́ ẹ̀yìn, ẹ gé ẹ̀ka tó dí afẹ́fẹ́ lọ́nà, ẹ sì máa ká gbogbo èso tó ti dúdú kúrò ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ tán ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà òjò. Ẹ má kó èèpo jọ sábẹ́ igi. Èyí tó pa metalaxyl pọ̀ mọ́ kọ́pà sábà máa ń jẹ́ 50 giramu sí omi 15 lítà, ṣùgbọ́n ohun tó wà lára páálí ni aláṣẹ. Ẹ fi omi díẹ̀ pò ó nínú garawa ná kí ẹ tó dà á sínú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá da ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tààrà, yóò ṣù, yóò sì dí ẹnu ẹ̀rọ. Èso ni kí ẹ fín, kì í ṣe ewé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí àrùn tó gbilẹ̀, kí ẹ sì padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ má ṣe fi metalaxyl nìkan ṣe é lọ́dọọdún, torí àwọn tó bá yè bọ́ nínú wọn ni yóò bí èyí tí oògùn kò ní ràn mọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń pa á pọ̀ mọ́ kọ́pà nìyẹn.

Kí ni wọ́n wá ń wò kí wọ́n tó sọ pé bakitéríà nìyí, fọ́ńgì nìyẹn?

Ìrísí ni wọ́n ń wò tẹ́lẹ̀. Linnaeus, ará Sweden tó to orúkọ ẹ̀dá lẹ́sẹẹsẹ, mọ ewéko, ó mọ ẹranko. Ohun tí ojú kò tó, ó kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sábẹ́ orúkọ kan, Chaos, láàárín àwọn ẹ̀dá bí ekòló. Ní 1866, Ernst Haeckel, ará Jámánì, la ìjọba kẹta sílẹ̀ fún wọn, ó pè é ní Protista. Ní 1969, Robert Whittaker ní Amẹ́ríkà to gbogbo ẹ̀dá sí ìjọba márùn-ún: Monera (àwọn tí kò ní nucleus), Protista, Fungi, ewéko àti ẹranko. Èyí ni ọ̀pọ̀ wa kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó rọrùn láti há sórí, ṣùgbọ́n ó ti gbó. Ní 1977, Carl Woese àti George Fox fi RNA inú ribosome (ohun tó ń ṣe protein nínú sẹ́ẹ̀lì) wéra, wọ́n sì rí i pé nínú àwọn tí kò ní nucleus, ìran méjì tó jìnnà síra ló wà níbẹ̀: bakitéríà àti archaea. Archaea tilẹ̀ sún mọ́ wa ju bó ṣe sún mọ́ bakitéríà lọ. Nígbà tó di 1990, Woese, Kandler àti Wheelis gbé ìpín mẹ́ta kalẹ̀ lókè ìjọba: Bacteria, Archaea àti Eucarya. Monera ti túká láti ìgbà náà.

Bakitéríà kò ní nucleus. DNA rẹ̀ wà nínú omi sẹ́ẹ̀lì láìsí awọ tó bò ó, ribosome rẹ̀ jẹ́ 70S (S ń sọ bó ṣe tóbi tó), peptidoglycan ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi ń kọ́ ògiri. Púpọ̀ nínú wọn kò ju ìdajì sí 5 máíkírómítà lọ. Fọ́ńgì ní nucleus, ribosome 80S, àti ògiri chitin. Kì í gbé oúnjẹ mì, ńṣe ló ń tú ẹ́ńsáìmù sára oúnjẹ níta, tí á wá fa ohun tó yọ́ sínú. Ó sì tún bá ẹranko tan ju bó ṣe bá ewéko tan lọ. Ìdí nìyí tí oògùn fọ́ńgì tí a ń gbé mì tàbí gbà sára fi ṣòro láti ṣe láìpa aláìsàn lára: ohun tó wà lára wọn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lára wa. Amphotericin B, tó ń lẹ̀ mọ́ ergosterol, kì í fi kíndìnrín sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ti protist, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹbí kan ni wọ́n. Ẹ̀dá tó ní nucleus, tí kì í ṣe ewéko, tí kì í ṣe ẹranko, tí kì í ṣe fọ́ńgì, ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá kó gbogbo ẹni tí kì í ṣe ará Ọ̀yọ́, tí kì í ṣe ará Ìjẹ̀bú, tí kì í ṣe ará Ẹ̀gbá, sínú ìwé kan, tó wá ní ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Plasmodium tó ń fa ibà, Entamoeba tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn, Trypanosoma tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, Phytophthora inú oko kòkó: ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Plasmodium àti Phytophthora tilẹ̀ sún mọ́ra ju bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe sún mọ́ Entamoeba. Mo ṣì ń lo orúkọ náà nítorí pé ó rọrùn lẹ́nu, kì í ṣe nítorí pé ó pé.

Àyẹ̀wò tó ń fi ògiri bakitéríà hàn jù lọ ni ti Gram, tí Hans Christian Gram, ará Dẹ́máàkì, gbé jáde ní 1884. Ọwọ́ ló ń kọ́ ọ ju ìwé lọ, ibi tí wọ́n sì ti sábà máa ń bà á jẹ́ kò ju mẹ́rin lọ.

Ẹ mú síláìdì tí ọ̀rá ọwọ́ kò sí lára rẹ̀. Ẹ kán omi kékeré kan sí i, kí ẹ fi lúùpù (wáyà tí orí rẹ̀ ká róbótó) mú ìwọ̀nba bí orí abẹ́rẹ́ nínú bakitéríà tó hù lórí ágà (oúnjẹ dídì tí a fi ń hù ú), kí ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé ẹ lè ka ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e kọjá lórí iná lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ẹ̀yìn ọwọ́ yín kò bá lè fara da ooru síláìdì náà, ẹ ti dín in, ìrísí sẹ́ẹ̀lì á sì ti bàjẹ́. Ẹ da crystal violet sí i fún ìṣẹ́jú kan, ẹ fi omi ṣàn án. Ẹ da ayodíìnì Lugol sí i fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún ṣàn án. Ibi tó le nìyí: ẹ gbé síláìdì dàgẹ̀rẹ̀, kí ẹ kán ọtí 95% sí i títí omi tó ń ṣàn kúrò kò fi ní àwọ̀ mọ́, ó máa ń tó ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20. Bí ó bá jẹ́ acetone ni, ìṣẹ́jú-àáyá 2 sí 3 ti tó. Ẹ ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Safranin ìṣẹ́jú kan ló kù, ẹ ṣàn án, kí ó gbẹ, kí ẹ kán òróró sí i, kí ẹ sì wò ó pẹ̀lú lẹ́ńsì 100.

Àwọn tí peptidoglycan wọn nípọn máa ń há crystal violet àti ayodíìnì mọ́ inú ògiri, wọ́n á sì ní àwọ̀ àlùkò, Gram-positive nìyẹn. Àwọn tí peptidoglycan wọn fẹ́lẹ́, tí wọ́n tún ní awọ ọ̀rá kan níta, ọtí á yọ́ awọ náà, crystal violet á bá a jáde, safranin á wá kùn wọ́n ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́, Gram-negative nìyẹn.

Bí ọtí bá pẹ́ jù, Staphylococcus, tó jẹ́ Gram-positive, pàápàá á pupa. Bí ohun tí ẹ tẹ́ bá nípọn, ọtí kò ní dé ìsàlẹ̀, E. coli, tó jẹ́ Gram-negative, á sì ní àwọ̀ àlùkò. Bí bakitéríà bá ti ju ọjọ́ kan lọ lórí ágà, ògiri àwọn mìíràn á ti ṣá, Bacillus ló sì máa ń ṣe báyìí jù: ẹ ó rí àlùkò àti pupa nínú agbo kan ṣoṣo, ẹ ó sì rò pé ẹ̀dá méjì ló dà pọ̀. Ẹ̀kẹrin ni ayodíìnì tó ti pẹ́ nínú ìgò tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Nǹkan kan ló ń gbà yín lọ́wọ́ gbogbo wọn: ẹ tẹ́ Staphylococcus aureus sí ẹ̀gbẹ́ kan síláìdì náà, E. coli sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí àyẹ̀wò yín wà láàárín. Bí àwọn tí ẹ mọ̀ bá jáde bó ṣe yẹ, ẹ lè gba àárín gbọ́. Bí iyè méjì bá ṣì wà, ẹ kán omi KOH (potassium hydroxide) 3% sí síláìdì mìíràn, ẹ fi lúùpù ro bakitéríà púpọ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ máa gbé lúùpù sókè díẹ̀díẹ̀. Ògiri Gram-negative á tú, DNA á jáde, omi náà á wá máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Gram-positive kì í yọ̀.

Àwọ̀ Gram kò sọ ìjọba o. Candida jẹ́ fọ́ńgì, àwọ̀ àlùkò ló sì máa ń ní nínú àyẹ̀wò yìí. Ìtóbi ló ń tú u fó: Staphylococcus kò ju bíi máíkírómítà kan lọ, Candida máa ń tó 3 sí 6, ẹ sì lè rí ọmọ kékeré tó ń yọ lára ìyá rẹ̀. Mycoplasma kò ní ògiri rárá, bẹ́ẹ̀ bakitéríà ni. Penicillin, tó jẹ́ pé ògiri ló ń bá jà, kò sì ní iṣẹ́ kankan láti ṣe lára rẹ̀. Bakitéríà ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ìda lára ògiri tí crystal violet kò wọ̀ dáadáa. Àyẹ̀wò Ziehl-Neelsen ni tirẹ̀: carbol fuchsin tí a mú gbóná títí yóò fi máa rú èéfín, láìjẹ́ kó hó, fún ìṣẹ́jú 5, kí a tó fi ọtí tó ní ásíìdì 3% fọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ tí ẹ̀dá kan ń ṣe kì í sì í ṣe ẹ̀rí ìran rẹ̀. Ẹmu ló fi èyí hàn jù lọ. Omi dídùn tó ń kán láti ara ọ̀pẹ tàbí ògùrọ̀ kò ní pẹ́ kó tó di ọtí, àwọn méjì tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò sì bára tan rárá. Saccharomyces cerevisiae, ìwúkàrà, jẹ́ fọ́ńgì. Zymomonas mobilis jẹ́ bakitéríà, Gram-negative, ó sì ń sọ ṣúgà di ọtí gba ọ̀nà mìíràn, tó jẹ́ pé ATP (agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń ná) kan ṣoṣo ló ń jèrè lórí glucose kan, níbi tí Saccharomyces ti ń jèrè méjì. Nígbà tó bá yá, àwọn bakitéríà mìíràn á wá sọ ọtí náà di ásíìdì, ẹmu á kan.

Ẹni tó bá fẹ́ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ẹmu lè jẹ́ kí ribosome bá a ṣe é. Chloramphenicol ń dí ribosome 70S, kì í ṣe 80S: ẹ fi 100 miligiramu sí lítà ágà kan, bakitéríà kò ní hù, ìwúkàrà nìkan ni ẹ ó rí. Cycloheximide ń ṣe òdìkejì, ó ń dí 80S, bakitéríà nìkan á sì hù. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ gbé e o. 80S ni ti ènìyàn pẹ̀lú. Ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ níbí ni pé wọn kì í kọ ọjọ́ tí wọ́n po ágà sára àwo. Oògùn inú àwo tó ti pẹ́ ń dẹ̀, bakitéríà á wá hù díẹ̀díẹ̀ lórí àwo ìwúkàrà, ẹni tó ń kà á á sì máa kà wọ́n mọ́ ọn.

Làpálàpá la fi ń rí ògiri chitin lójú kòrókòró. Ẹ fi ọtí 70% nu ojú ibẹ̀ ná, kí ìpara tó wà lára lè kúrò. Etí làpálàpá, níbi tó ti ń pọ́n tó sì ń ṣí èépá, ni kí ẹ ti fi ẹ̀yìn abẹ ha á, ẹ má ha àárín. Àárín ti ń san, fọ́ńgì ti kúrò níbẹ̀. Ẹ kán KOH 10% sí 20% sí èépá náà lórí síláìdì, ẹ fi gíláàsì pẹlẹbẹ bò ó, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 sí 20. Èékánná ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè sùn mọ́jú. KOH á yọ́ keratin ara ènìyàn, ògiri fọ́ńgì kò ní yọ́, òun nìkan ni yóò sì kù fún ojú. Ẹ rẹ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ńsì 10, ẹ lọ sí 40. Ohun tí ẹ ń wá ni okùn tóóró tó ní ẹ̀ka, tó ní ìdènà lágbedeméjì, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò yí padà, tó sì ń gba orí sẹ́ẹ̀lì kọjá. Òwú aṣọ kò ní ìdènà. Ààlà sẹ́ẹ̀lì ara ń tẹ̀ lé etí sẹ́ẹ̀lì, kì í gba orí rẹ̀ kọjá. Bí KOH bá gbẹ, yóò di kírísítálì, ojú tí kò mọ̀ á sì rí okùn níbi tí kò sí.

Ìpara tó ń po oògùn mẹ́ta pọ̀, tó kún gbogbo ọjà, ni mo rí bí èyí tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú jù. Ọ̀kan nínú mẹ́ta ń bá bakitéríà jà. Kò kan làpálàpá. Ọ̀kan jẹ́ oògùn fọ́ńgì, ó dára. Ẹ̀kẹta ni steroid, tó ń mú yíyún rọlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tó sì ń sọ agbára ara di ahẹrẹpẹ níbẹ̀, kí fọ́ńgì wá máa tàn kálẹ̀ láìsí etí pupa tí dókítà fi ń mọ̀ ọ́n. Aláìsàn á ní ìpara náà ń ṣiṣẹ́, torí pé kò yún òun mọ́.

Àwọn ẹ̀dá kan wà tí orúkọ ẹgbẹ́ wọn kò ní sọ oògùn wọn fún yín. Pneumocystis, tó ń pa àwọn tí HIV ti ba agbára ara wọn jẹ́ láti inú ẹ̀dọ̀fóró, protist ni wọ́n ń pè é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1988, RNA ribosome rẹ̀ fi hàn pé fọ́ńgì ni. Ẹ ó rò pé oògùn fọ́ńgì ló kàn. Rárá, cholesterol ló wà nínú awọ rẹ̀ níbi tí ergosterol yẹ kó wà, amphotericin B àti àwọn “-azole” kò sì rí ohun dì mú. Co-trimoxazole, tí a mọ̀ mọ́ bakitéríà, ni wọ́n fi ń wò ó títí di òní, torí pé Pneumocystis ń ṣe folate (fítámìnì kan) fúnra rẹ̀, oògùn náà sì ń dí i lọ́wọ́ níbẹ̀. Orúkọ yí padà, ìwòsàn kò yí padà.

Plasmodium náà ní àṣírí tirẹ̀. Protist ni, ó ní nucleus, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ni ohun kékeré kan wà tí awọ mẹ́rin bò, apicoplast, àṣẹ́kù èèhọ̀ pupa kan tí bàbá ńlá rẹ̀ gbé mì láyé àtijọ́. Ribosome inú apicoplast jọ ti bakitéríà. Ìdí nìyí tí doxycycline, oògùn bakitéríà, fi ń pa kòkòrò ibà. Ṣùgbọ́n kì í yá: èyí tó gba oògùn á ṣì parí yíyí rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni kò ní lè wà láàyè. Nítorí náà, wọn kì í fi doxycycline nìkan wo ẹni tí ibà ti dá wó. Quinine tàbí irú rẹ̀ ló ń bá a rìn. Ẹni tó ń lò ó láti dènà ibà ń lo 100 miligiramu lójúmọ́, á bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó dé ibi tí ibà wà, kò sì gbọdọ̀ dáwọ́ dúró títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tó bá kúrò níbẹ̀. Wọn kì í fún aláboyún, wọn kì í sì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8.

Metronidazole tún gba ọ̀nà mìíràn. Ó ń pa Entamoeba, ó ń pa Giardia, ó sì ń pa àwọn bakitéríà tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́. Wọn kò bára tan. Àìlo ọ́síjìn nìkan ló pa wọ́n pọ̀, irú kẹ́mísìrì bẹ́ẹ̀ ló sì ń sọ oògùn náà di májèlé nínú sẹ́ẹ̀lì wọn. Orúkọ ẹgbẹ́ ń sọ ohun tó ṣeé ṣe kí ẹ bá nínú sẹ́ẹ̀lì. Ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an ló ń sọ oògùn.

Lónìí, DNA ló ń parí ìjà orúkọ. Fún bakitéríà, jíìnì 16S rRNA, ti RNA kan nínú ribosome, ni wọ́n ń kà, ó tó bí ẹyọ 1,500, wọ́n sì sábà máa ń fi ègé DNA kékeré méjì, 27F àti 1492R, mú un jáde. Fún fọ́ńgì, ITS, apá DNA mìíràn, ni, wọ́n fọwọ́ sí i ní 2012. Fún protist, 18S, ti ribosome bákan náà, ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Bí 16S ẹ̀dá méjì bá jọra tó kéré sí 98.7%, ẹ lè fọkàn balẹ̀ pé irú (species) méjì ni wọ́n. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò tíì sọ pé irú kan ni. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí irú tí a fi ń se ọbẹ̀ mọ èyí dáadáa: Bacillus subtilis àti àwọn ìbátan rẹ̀ jọra ju 99% lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ lọ sí gyrB, jíìnì mìíràn, tàbí kí ẹ ka gbogbo DNA, níbi tí ààlà irú kan wà ní bíi 95% sí 96%. Ó ṣe pàtàkì, torí Bacillus cereus, tó lè múni bì, lè wọ inú irú ọbẹ̀ yìí pẹ̀lú. Kóró (spore) gbogbo wọn ń la omi híhó já. Òun ló fà á tí hóró igbá, tí a fi ń ṣe irú, tí a sè fún wákàtí púpọ̀ fi ń kẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan sí i.

Ẹni tó bá ń ka 16S láti inú ẹmu tàbí ewé tún máa bá “cyanobacteria” (bakitéríà tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ) rẹpẹtẹ pàdé. Ẹ má tíì yọ̀. Chloroplast inú ewéko jẹ́ ọmọ ìran cyanobacteria, 16S rẹ̀ sì ń wọlé pẹ̀lú tiwọn. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó ṣírò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún.

Orúkọ ń yí padà, ẹ má bínú sí i. Ní 2020 ni wọ́n pín Lactobacillus sí ìdílé (genus) 25, torí pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ jìnnà síra jù. Èyí tó ń mú ògì kan, tí a mọ̀ sí Lactobacillus plantarum, ti di Lactiplantibacillus plantarum, L. fermentum di Limosilactobacillus fermentum. Ní 2021, orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ńlá bakitéríà yí padà: Firmicutes di Bacillota, Proteobacteria di Pseudomonadota. Ti fọ́ńgì tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ń fún ẹ̀dá kan ní orúkọ méjì, ọ̀kan fún ìgbà tó ń bímọ pẹ̀lú akọ àti abo, ọ̀kan fún ìgbà tí kò ṣe bẹ́ẹ̀, títí òfin fi fòpin sí i ní 2013. Ìwé òfin wọn sì yàtọ̀. Bakitéríà ní tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun láti 1 oṣù kìíní 1980, ẹni tó bá sọ irú tuntun lórúkọ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dá náà pamọ́ sí ilé ìpamọ́ méjì ní orílẹ̀-èdè méjì. Fọ́ńgì wà lábẹ́ òfin kan náà pẹ̀lú ewéko, ó sì gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ tó dúró. Protist ń wá ibi tí yóò jókòó láàárín òfin ẹranko àti òfin ewéko.

Bí ẹ bá ń kọ orúkọ sára ìgò àyẹ̀wò, ẹ fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé, kí orúkọ irú jẹ́ lẹ́tà kékeré, kí ẹ sì kọ ìdílé ní kíkún nígbà àkọ́kọ́, “L.” lè jẹ́ Lactobacillus, Listeria tàbí Leishmania. Bí ẹ kò bá tíì dé ibi irú, “Bacillus sp.” ti tó. Ẹ fi ọjọ́, ibi tí ẹ ti mú un, ohun tí ó hù lórí rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tí ẹ ṣe Gram, àti orúkọ àtijọ́ tí ìwé yín ń lò sí i, kí ẹni tó bá gbé ìgò náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá má baà kà á sí ẹ̀dá méjì.